Wah lórí gìtá béèsì: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ olórin ní Ìlọrin, títí lọ dé Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀mù-Àrán, bí pẹ́dàlì wah, ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí àwọ̀ ohùn gìtá, bá wà nílẹ̀, ti onígìtá líìdì ló sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ tí oníbéèsì bá yá a lò ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ̀ ẹ́, orin yóò sì fẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀kan náà. Ìlù ń dún, kíbọ́ọ̀dù ń dún, àwọn akọrin ò dákẹ́, àmọ́ ohun tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì ti kúrò lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe pé oníbéèsì ò mọṣẹ́, pẹ́dàlì náà ò sì bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe, àmọ́ béèsì kọ́ ni wọ́n rò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Okùn gìtá kì í mú ohùn kan ṣoṣo jáde. Bí a bá ta okùn E, èyí tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, yóò máa gbọ̀n ní bíi ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní 41 Hz. Ìdí ohùn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn mìíràn ń bá a jáde: 82, 123, 165, wọ́n ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ré kọjá ẹgbẹ̀rún Hz. Àwọn ohùn òkè yìí ló ń jẹ́ kí etí mọ ohun èlò tó ń dún. Àwọn gan-an ni wah ń fi ṣeré.

Asẹ́ ohùn ló wà nínú wah. Ó ń mú apá kan lára àwọn ohùn wọ̀nyí, ó ń gbé e sókè, ó sì ń tẹ àwọn tó kù rì. Ẹsẹ̀ ló ń sọ apá tí yóò gbé. Bí gìgísẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, apá ìsàlẹ̀ ló ń yọ. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, apá òkè ló ń yọ. Bí èèyàn bá pe "ù", tó ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di "à" láì yí ohùn padà, ohun tí wah ń ṣe gan-an ló ṣe yẹn. Ibí ló ti yàtọ̀ sí gángan. Bí onígángan bá fún ọsán, ohùn ìlù máa ń gòkè lóòótọ́, ìyẹn ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Wah kì í gbé nóòtì kúrò níbi tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sí. Oníbéèsì tó bá fẹ́ kí okùn rẹ̀ ki èèyàn bí ìlù, ọwọ́ ni yóò fi fà á. Wah ò lè bá a ṣe é.

Brad Plunkett, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Thomas Organ ní California, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1966. Iléeṣẹ́ náà ló ń ta ọjà Vox ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1967, orúkọ Clyde McCoy tó jẹ́ afunpè ni wọ́n fi sí i lára, torí pé ohùn rẹ̀ jọ ti kàkàkí òyìnbó tí wọ́n ń fi ìdérí dí lẹ́nu tí wọ́n sì ń ṣí i. Láti ìgbà náà, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: apá tí wah gìtá líìdì ń gbé sókè ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 Hz, ó sì ń lọ sí bíi 2,000 Hz, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹ wá fi ìyẹn wé béèsì. Okùn A jẹ́ 55 Hz, D jẹ́ 73, G tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù jẹ́ 98. B tó wà lára béèsì olókùn márùn-ún kò ju 31 lọ. Kò sí ọ̀kan tó súnmọ́ 400. Nígbà tí asẹ́ náà bá ń gbé 400 sókè, ìdí ọ̀pọ̀ jù lọ nóòtì béèsì wà lára ohun tó ń tẹ̀ rì. Gìtá líìdì náà ń pàdánù ìdí tirẹ̀, torí okùn E rẹ̀ kò ju 82 Hz lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ̀yìn ti gìtá líìdì. Béèsì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Bí béèsì fúnra rẹ̀ bá yọ, kò sẹ́ni tó máa bá a dí àlàfo.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa wah èyíkéyìí fún béèsì ni pé: ṣé ohùn ìsàlẹ̀ ń kọjá bí ẹsẹ̀ bá wà lórí rẹ̀? Àwọn tí wọ́n dìídì ṣe fún béèsì ń yanjú èyí lọ́nà méjì. Àwọn kan ń la ọ̀nà fún ohùn ìsàlẹ̀ kó lè kọjá láì wọ inú asẹ́, àárín àti òkè nìkan lẹsẹ̀ wá ń yí. Bí Dunlop, iléeṣẹ́ tó ń ṣe pẹ́dàlì, ṣe ṣe Cry Baby Bass Wah 105Q nìyẹn, èyí funfun, tó yàtọ̀ sí GCB95 dúdú tí àwọn onígìtá líìdì mọ̀. Àwọn mìíràn ń fún oníbéèsì ní bọ́tìnì tí yóò fi po ohùn tí asẹ́ ò fọwọ́ kàn mọ́ èyí tó ti kọjá nínú asẹ́, bó bá ṣe fẹ́ ẹ sí. Ọ̀nà kejì yìí dára púpọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn oríṣiríṣi, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ bíríkì àti páànù ń fi ohùn ìsàlẹ̀ ké ramúramù, pápá ìta sì ń gbé e mì. Ẹni tó ní bọ́tìnì ìpòpọ̀ lè tún un ṣe níbikíbi tó bá bá ara rẹ̀.

Ibi tí ìtajà ti ń tan èèyàn jẹ ni áńpù tí wọ́n fi ń dán an wò. Èyí tó sábà máa ń wà lórí káńtà, sípíkà rẹ̀ kéré, kò lè gbé 41 Hz jáde dáadáa bó ti wù kó rí. Gbogbo wah tí a bá fi gbọ́ níbẹ̀ ni yóò dùn, torí ohun tí wah ń gbé mì kò sí nínú áńpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbàjà tàbí Ọ̀fà wá rajà ní Ìlọrin, kó gbé béèsì tirẹ̀ àti wáyà tirẹ̀ dání, kó sì ní kí wọ́n so ó mọ́ sípíkà ńlá. Kó ta okùn E lásán, kó jẹ́ kó dún. Kó wá tan wah, kó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, kó sì tún ta okùn kan náà. Lẹ́yìn náà, kó rọra tẹ̀ ẹ́ lọ síwájú, kó máa fetí sí ìsàlẹ̀ ohùn, kì í ṣe òkè. Òkè ló ń dùn létí, òun náà ló sì ń gbọ́kàn ẹni lọ. Bí ìsàlẹ̀ bá dúró digbí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, a lè máa bá ìdúnàádúrà lọ. Bó bá fẹ́lẹ́ bí ìka ẹsẹ̀ ṣe ń lọ síwájú, gìtá líìdì ló ni ín, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Kó tún gbọ́ bí ohùn ṣe ń fò sókè. Asẹ́ tó bá ṣóńṣó jù máa ń jẹ́ kí nóòtì kan ké tòò nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e kò dún tó o. Lára àwọn pẹ́dàlì kan, bọ́tìnì tí wọ́n kọ Q sí ló ń ṣe èyí: bí Q bá ga, òkè asẹ́ á tẹ́ẹ́rẹ́, bó bá lọ sílẹ̀, á fẹ̀. Fún béèsì, ó sàn kó fẹ̀.

Súwíìṣì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kì í ronú sí títí wọ́n fi délé. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní súwíìṣì lábẹ́ ibi ìka ẹsẹ̀, a ní láti tẹ̀ ẹ́ dé òpin kó tó tàn, a sì tún ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó kú. Èkejì ní sípírínì: bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, ó tàn, bí ẹsẹ̀ bá kúrò, ó padà sẹ́yìn, ó kú. 105Q wà lára oríṣi kejì yìí. Fún oníbéèsì tó fẹ́ fi wah kan ìlà kan ṣoṣo láàárín orin ìyìn kó sì jáde, sípírínì dára púpọ̀, torí èyí tó ní súwíìṣì kò ní gbà kó tàn tàbí kó kú láì kọ́kọ́ lọ dé òpin òkè, gbogbo ìjọ á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi í sójú kan kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí béèsì lè máa ní ohùn imú fún odindi orin, sípírínì ò ní gbà fún un. Kí a mọ èyí tí a ń fẹ́ kí a tó sanwó.

Lẹ́yìn èyí ló kan eruku. Inú wah tó wọ́pọ̀, eyín irin tàbí ike ló ń yí fólúùmù kékeré kan bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí eruku bá wọ fólúùmù yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í há gàràgàrà nínú sípíkà. Ní Kwara, tí ọyẹ́ ń kó eruku wọlé lẹ́yìn òjò títí wọ inú ọdún tuntun, ìṣòro gidi lèyí. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ojú fólúùmù rédíò máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá pẹ́, pípààrọ̀ ló kù. Iléeṣẹ́ Morley gba ọ̀nà mìíràn: iná kékeré àti ẹ̀rọ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ fólúùmù, kò sí ohun tó ń fara gbo ara. Ẹni tó ń lo pẹ́dàlì ní òde àríyá lórí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹ kó ka èyí sí ọ̀rọ̀ ńlá. Fún tokunbọ̀, kí a yí i lọ yí i bọ̀ nígbà mélòó kan nínú ṣọ́ọ̀bù láì ta okùn kankan, ká gbọ́ bóyá yóò há.

Iná ló ti ba pẹ́dàlì púpọ̀ jẹ́. Fóòtì 9 (9V) ni ọ̀pọ̀ wah ń lò, ẹnu àárín púlọ́ọ̀gì wọn sì jẹ́ òdì, ìyẹn àmì yíyọ. Àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha tó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ fóòtì 12, àárín tirẹ̀ sì jẹ́ àmì ìrópọ̀. Ẹnu rẹ̀ lè wọ ihò pẹ́dàlì wẹ́kú. Oníkíbọ́ọ̀dù ò ní èrò ibi lọ́kàn tó bá ní "gba tèmi", ṣùgbọ́n pẹ́dàlì náà lè má jí mọ́. Kí a ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀, kí a wo àwòrán kékeré tó ń fi àárín hàn, kí a tó kì í bọ̀ ọ́. Èyí tó ń lo bátìrì pẹ̀lú ní àǹfààní mìíràn: bí ariwo "húùù" bá wà, a ó yọ àdápítọ̀, a ó ki bátìrì bọ̀ ọ́. Bí ariwo bá lọ, àdápítọ̀ lẹlẹ́ṣẹ̀. Bí kò bá lọ, kí a gbé pẹ́dàlì kúrò nítòsí àwọn àdápítọ̀ àti áńpù yòókù, torí kọ́ìlì tó wà nínú ọ̀pọ̀ wah máa ń fa ariwo tiráńsífọ́mà tó bá wà nítòsí mọ́ra. Kí a sì rántí fa wáyà gìtá yọ lẹ́yìn ìsìn, torí wáyà yẹn ló ń tan bátìrì.

Ẹni tó bá ti ní wah gìtá líìdì nílé kò tíì sọ owó nù. Oníṣẹ́ rédíò tó mọ jíjó lẹ́ẹ̀dì lè pààrọ̀ kapásítọ̀ kan nínú rẹ̀. Nínú Cry Baby, èyí tó ń pinnu ibi tí asẹ́ wà sábà máa ń jẹ́ 0.01 µF, bí a bá fi 0.022 rọ́pò rẹ̀, ibi tó jẹ́ 450 Hz á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 300. Ohùn rẹ̀ á nípọn sí i, àmọ́ 300 ṣì jìnnà sí 41, nítorí náà ìdí ohùn kò tíì padà. Èyí tó ń dá a padà ni kí a pín béèsì sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan gba inú wah, èkejì kọjá tààrà, kí wọ́n tún pàdé lẹ́yìn. Pẹ́dàlì Boss LS-2 lè ṣe é. Bí ìsàlẹ̀ bá tún fẹ́lẹ́ sí i lẹ́yìn tí ọ̀nà méjèèjì pàdé, ó jẹ́ pé pẹ́dàlì náà ń dojú ohùn dé, tí wọ́n wá ń pa ara wọn. Kí a dá owó dúró lórí ọ̀nà yẹn.

Fún oníbéèsì tó ń gbé orin ijó fún wákàtí kan láì sinmi, wah ẹlẹ́sẹ̀ lè má jẹ́ ohun tó ń wá rárá. Oríṣi kan wà tí kì í lo ẹsẹ̀: bí ọwọ́ bá ṣe ta okùn le tó ni asẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣí tó. Mu-Tron III, tó jáde ní 1972, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Bootsy Collins, oníbéèsì ará Amẹ́ríkà, sì fi ṣe ohùn béèsì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Lóde òní, MXR Bass Envelope Filter ní bọ́tìnì Dry (ohùn tí asẹ́ ò fọwọ́ kàn) àti FX (èyí tó kọjá nínú asẹ́) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdí ohùn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kí irú èyí ṣíwájú pẹ́dàlì tó ń tẹ́ ohùn pẹrẹsẹ, torí bí líle àti rírọ̀ bá ti di ọgbọọgba, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí. Wah ẹlẹ́sẹ̀ kò ní ìṣòro yìí.

Kí a tó dá pẹ́dàlì lẹ́bi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a kọ́kọ́ lọ sídìí míkísà. Lórí ihò tí béèsì ń gbà wọlé, bọ́tìnì kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 80 tàbí 100 Hz. Ohùn ẹnu ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń bójú tó míkísà sì máa ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ihò pọ̀. Kí wọ́n tú ti béèsì sílẹ̀.