Àáró kò ní ọlọ́pàá

Bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé àwọn anarchist ò fẹ́ ìjọba, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde: ta ni yóò wá mú arúfin? Ó ti súni gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn ò sọ pé kí ìlànà má sí. Ẹni tó gun àwọn yòókù lórí tó ń fi ipá pàṣẹ ni wọn ò fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Peter Kropotkin, ọmọ ìdílé ọlọ́lá ní Rọ́ṣíà, ti tẹ ìwé jáde ní 1902 pé ríran ọmọnìkejì lọ́wọ́ wà lára ohun tó mú ẹranko àti èèyàn yè.

Ará oko Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò ìwé yẹn kó tó mọ àáró, níbi táwọn àgbẹ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ lóko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ẹ jẹ́ ká fo ti ebè kíkọ. Ibi tó dùn ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe oko ẹni àkọ́kọ́ tán. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, onítọ̀hún ti jẹ gbèsè oko márùn-ún. Kò tọwọ́ bọ̀wé. Kí ni ò jẹ́ kó sá?

Ìjìyà rẹ̀ wà nínú ètò náà gan-an. Ẹnikẹ́ni ò ní nà án. Wọn ò kàn ní pè é mọ́ ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún rọ̀, òun àti igbó rẹ̀ ló kù. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, á rán àbúrò rẹ̀ lọ. Bó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíràn, ó mọ ohun tí yóò bá lóko tirẹ̀. Tó bá sì ti yí kárí, ó lè kúrò láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iṣu rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Àmọ́ agbára ni wọ́n fi ń san agbára. Arúgbó tí kò bímọ kò rí nǹkan san. Àfi kó bẹ ọ̀wẹ̀, kó dáná fún wọn. Àwọn tó ń pariwo pé anarchist làwọn baba wa náà ń ṣàsọdùn: Ṣọ̀ún wà láàfin, baálẹ̀ wà lábúlé, owó orí ò sì gbẹ́yìn.

Níbi táwọn èèyàn ò ti mojú ara wọn ńkọ́? Ìdáhùn àwọn anarchist ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán ìránṣẹ́, kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìkan, kí wọ́n sì pè é padà lọ́jọ́ tó bá yà bàrá. Òfin Nàìjíríà ti 1999 náà fàyè gba ká pe aṣòfin padà. Ṣùgbọ́n ó ní kí iye tó ju ìdajì àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lágbègbè rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, kí INEC tó wá ṣètò ìdìbò lé e lórí. Nínú ìdìbò ààrẹ 2023, àwọn tó jáde dìbò rárá kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó forúkọ sílẹ̀.