Ṣọlá Allyson

Ṣọlá Allyson, tó di Ṣọlá Allyson-Ọbaníyì lẹ́yìn ìgbéyàwó, jẹ́ olórin Nàìjíríà tó máa ń fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀ sílẹ̀. Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n bí i sí. Orin ẹ̀mí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka iṣẹ́ rẹ̀ kún, bẹ́ẹ̀ orin ìfẹ́ ni "Eji Òwúrọ̀" tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ní ọdún 2003.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìtàn sọ pé àwọn tó wá láti Ṣàgámù ló tẹ Ìkòròdú dó, wọ́n sì ní láti ara oko òdú, ìyẹn ẹ̀fọ́ òdú, ni orúkọ ìlú náà ti wá. Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, onígbàgbọ́ pọ̀, àwọn oníṣẹ̀ṣe náà kò sì tíì fi Orò àti Elúkú sílẹ̀. Bí ìlú ṣe rí ni ilé ẹ̀kọ́ Allyson rí: ọ̀dọ̀ ìjọ Áńgílíkà ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí Shams-el-Deen Grammar School, tí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ ti mọ̀ pé ti Mùsùlùmí ni. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ní Agídíngbí, Ìkẹjà, kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Pólì Ìbàdàn.

Iṣẹ́ elégbè

Kí ó tó ní àwo tirẹ̀, elégbè ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin Yorùbá ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá a lé, elégbè a gbè. Elégbè gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò gba orin lẹ́nu ọ̀gá àti ìgbà tí yóò panu mọ́, àwòrán rẹ̀ kò sì ní sí níwájú páálí kásẹ́ẹ̀tì. Allyson gbè fún Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ó gbè fún Gbénga Adéboyè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó tún jẹ́ aláwàdà, ó sì gbè fún Pasuma tó jẹ́ olórin fújì. Èèyàn kò lè bá àwọn mẹ́ta yìí ṣiṣẹ́ kí etí rẹ̀ má gbọ́ ju orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Eji Òwúrọ̀"

Fíìmù Yorùbá kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ṣe orin náà fún. Eji ni àwọn àgbà ń pe òjò. Èyí tó bá rọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, a máa tu ilẹ̀ lára. Orin náà gbajúmọ̀ ju fíìmù tó bí i lọ, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ni kò wo fíìmù náà rí. Ó di orin ìgbéyàwó. Tí ọkọ àti ìyàwó bá ń jó wọlé, tí wọ́n bá fi í sí i, tonílé tàlejò ní ń gbè é, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè bóyá orin ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí orin ayé.

Àwọn àwo tó tẹ̀ lé e

"Gbeje F'ori" jáde ní 2005, "Ire" ní 2007. Lára àwọn tó tún ṣe ni "Ìm'oore", "Adùn", "Ìrì", "Ìmúṣẹ" àti "Ìsọdọ̀tun". Ọ̀rọ̀ kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú àkọlé wọ̀nyí, irú èyí tí àgbàlagbà lè fi súre fún ọmọ láàárọ̀. Yorùbá tó dá ṣáká ló fi ń kọrin, ìlù kì í sábà bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àdúrà, ìdúpẹ́ àti ìmọ̀ràn lórí ìwà sì máa ń wọnú ara wọn nínú orin kan ṣoṣo.

Àríyànjiyàn

Àwọn onígbàgbọ́ kan ti bi í léèrè lórí ìkànnì ayélujára ìdí tí orúkọ Jésù kò fi wọ́pọ̀ nínú orin rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní kò yẹ kí wọ́n máa pè é ní olórin ẹ̀mí rárá. Ó dá wọn lóhùn ní gbangba, ṣùgbọ́n kò tìtorí wọn yí bó ṣe ń kọrin padà.