Oko Ogunléndé: Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè, Kì í Ṣe Ọkọ́

Bí ìjọ kan, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tàbí ẹlẹ́yinjú àánú kan nílùú Òṣogbo bá ní kí n wá kọ́ àwọn ogunléndé níṣẹ́ oko, ètò tó sábà máa ń wà nílẹ̀ ni pé ká jókòó sínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, ká sọ̀rọ̀, ká jẹ ìrẹsì, kí kálukú gba àdá kan àti ọkọ́ kan, ká ya fọ́tò, ká tú ká. Kì í pẹ́ tí ẹ máa fi rí ọkọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin àlòkù. Kì í ṣe pé ẹni tó gbà á ya ọ̀lẹ. Kò rí ibi tí yóò fi í ro ni.

Nínú ìṣirò tí UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé, ṣe ní 2024, àwọn tí ogun, ìjà àti inúnibíni lé kúrò nílé káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù 120 lọ. Àwọn tó ṣì wà nínú Nàìjíríà níbí, tí wọ́n sá kúrò nílùú wọn lọ sí ìlú mìíràn, ju mílíọ̀nù 3 lọ, apá Borno ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Òṣogbo kò ní àgọ́ ńláńlá bíi ti Maiduguri, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Tiwa fara pamọ́ ni. Ẹ lè bá ìdílé kan tó há mọ́ yàrá kan ní Sábó. Ẹ lè bá àbúrò ìyàwó tó kó àwọn ọmọ wá láti Ìlobùú tàbí Ifọ́n nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, tó ní ọjọ́ méjì lòun fẹ́ lò, tó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ lè bá ará Benue tí wọ́n sun abúlé rẹ̀, tó wá ń gba iṣẹ́ ebè kíkọ lọ́wọ́ àwọn olóko wa.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ létí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ará Tiv láti Benue bí wọ́n ṣe ń kọ ebè iṣu, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ebè tirẹ̀ hàn wá. Ohun tó ṣàjèjì sí wọn ni kéèyàn dáko lórí ilẹ̀ kékeré tí kì í ṣe ti baba ẹni, tó ti ṣá, tí a kò sì mọ iye ọdún tí a máa lò lórí rẹ̀. Nílé wọn, bí ilẹ̀ bá ṣá, wọ́n á fi sílẹ̀ kó sinmi, wọ́n á kọjá síbòmíràn. Níbí, kò sí ibòmíràn.

Nílẹ̀ Yorùbá, àlejò lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá ri kòkó, obì, ọ̀pẹ tàbí ọsàn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí ẹni tó gbin igi ni wọ́n máa ń wò bí ẹni tó fẹ́ jókòó pa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀, ìjà tó tún gbóná láàrin 1997 sí 2000, tó sì lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí kòkó wọn. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn aláàánú tó ń pín ọmọ ọ̀pẹ àti ọmọ kòkó fún ogunléndé. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ wàhálà ni wọ́n ń kó bá ẹni tí wọ́n fún.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀. Ẹ má bá ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo dúnàádúrà nítorí ó ní òun lè dá a ṣe. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé yọ̀ǹda láìsí mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀. Kí ìwé wà, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ ibi tí ààlà wà, ohun tí wọ́n lè gbìn, ohun tí wọ́n máa san, ìbáà jẹ́ owó tàbí apá kan ìkórè. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀pẹ àti igi irú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti onílẹ̀ ni, wọn kò gbọ́dọ̀ gé e. Kí ẹ sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nílẹ̀ bí onílẹ̀ bá ń bèèrè ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ jù, torí ẹ̀gẹ́ lè lo ọdún kan kó tó tó wú.

Kí àdéhùn náà má dín ní ọdún mẹ́ta. Mo máa ń bá àwọn onílẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ta ló máa ru ìgbẹ́ adìyẹ lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé? Bí kò bá dá èèyàn lójú pé òun máa wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó bá kù nínú ilẹ̀ náà ló máa fà jáde, á sì kọjá lọ.

Uganda ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2006 fún àwọn ogunléndé láyè láti ṣiṣẹ́ àti láti rìn bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì ń fún ìdílé nílẹ̀ tí wọ́n lè kọ́lé sí, kí wọ́n sì dáko díẹ̀. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ bí èrò ṣe ń ya dé láti South Sudan àti Congo, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń kan ìdílé kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń gbin nǹkan sí lọ́dọọdún, tí wọn kò bọ́, kì í pẹ́ tí yóò fi ṣá.

Èyí tí wọ́n máa ń yọ̀ǹda nítòsí Òṣogbo, ẹ̀kan ló sábà máa ń bò ó. (Ta ló máa fi ilẹ̀ tó dáa tọrẹ?) Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni kó sun ún. Iná kì í rí ẹ̀kan gbé ṣe: gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí iná kò dé, yóò tún yọ, kò sì ní sí koríko mìíràn tó máa bá a du ibẹ̀ mọ́. Ibòji ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún èèyàn, tó máa ń ràn bo gbogbo ilẹ̀. Ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń di ìlẹ̀dú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé kó sínú ìkòkò ọbẹ̀, ó sì máa ń gba ilẹ̀ fún odidi ìgbà òjò kan. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fara da ìyẹn. Ìdajì ilẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n gbìn ín sí lọ́dún àkọ́kọ́, kí ìdajì kejì máa bọ́ ilé.

Ní ti ajílẹ̀, etí títì wa kún fún jogbo, ewéko olódòdó yẹ́lò tí àwọn kan ń pè ní agbálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gé ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ tútù kó tó so, ẹ rò ó mọ́ ilẹ̀ ṣáájú ìgbìn. Kíá ló ń jẹrà, ó sì ń lọ́ràá. Ìgbẹ́ adìyẹ náà dára, àmọ́ tútù rẹ̀ máa ń jó ẹ̀fọ́. Ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ máa yí i títí yóò fi dúdú, tí kò ní gbóná, tí kò sì ní rùn mọ́.

Ẹ̀wà ni mo fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó máa ń yé wọn jù. Nígbà tó bá fẹ́ tanná, a ó fi ọkọ́ wú ìdí kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ (ẹ má fà á tu, gbòǹgbò á já), a ó fi omi ṣàn án. Ẹ máa rí àwọn kókó wínníwínní lára gbòǹgbò náà. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fi í bọ́ ẹ̀wà. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Ìyá kan láti apá Borno, tó ti ń gbin ẹ̀wà láti kékeré, sọ fún mi pé àrùn lòun ka àwọn kókó yẹn sí, pé òun máa ń hú gbogbo ìdí ẹ̀wà dànù lẹ́yìn ìkórè. Ní báyìí, òkè nìkan ló ń gé. Ó ń fi gbòǹgbò sílẹ̀ sínú ilẹ̀ fún àgbàdo tó máa tẹ̀ lé e.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́. Tẹ̀tẹ̀ ń tó já láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú tẹ̀ lé e, ẹ̀wà tó máa ń yá kì í ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ, àgbàdo ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ń rí owó ẹ̀fọ́ ló máa ní sùúrù dúró de ẹ̀gẹ́. Hóró ewédú máa ń sùn, ẹni tó bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi híhó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ da omi tútù lé e lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn kó lè fọ́n kárí.

Fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wá àkùrọ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún omi Ọ̀ṣun. Látìgbà tí àwọn awakùsà wúrà ti ń da omi náà rú lápá Ìjẹ̀ṣà ló ti pọ́n, èmi kò sì ní fi rin ẹ̀fọ́ tí ọmọdé máa jẹ. Kànga tàbí odò kékeré mìíràn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ rárá lè ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ní Kibera nílùú Nairobi: ẹ da erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ sínú àpò, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí omi lè rí ọ̀nà gbà, ẹ dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lọ́ ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé Sábó gbà á dáadáa.

Kí ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ní 1989, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan lóko ìrẹsì ní Indonesia: àwọn àgbẹ̀ kan náà á máa pàdé lóko kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi abala méjì wéra, wọ́n á fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà. Ẹ má fi í sí ọjọ́ ọjà Ìgbọ̀nà, kò sí obìnrin tó máa wá. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà kọ́ wa. Ará Benue mọ yànmọ̀tí jù wá lọ. Kí oko náà wà níbi tí èèyàn ti ń kọjá, torí oko gan-an ni àwọn tó ń pa èèyàn ti ká àwọn kan nínú ogunléndé wọ̀nyí mọ́, ẹ kò sì lè ní kí irú wọn máa dá wọgbó lọ ní ìdájí.

Kí wọ́n fi poro bíi mélòó kan sílẹ̀ láìjá kó lè so fún irúgbìn. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ẹ̀wà ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ pò ó mọ́ eérú, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí tó le. Àgbàdo háíbríìdì tí wọ́n ń tà nílé ìtajà irúgbìn kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ra ìyẹn, kí ẹ sì ti fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.