Ẹsẹ̀ tó kú, òòyì tó ń kọ́ni: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọdún méjì tí àtẹ́lẹsẹ̀ màámi ti kú, sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn wọn ò ní mọ̀. Ní báyìí òòyì tún ń kọ́ wọn, dókítà ní iṣan ẹsẹ̀ tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ (nerve) ló bàjẹ́ ṣùgbọ́n òun ò mọ ibi tí òòyì ti wá. Àbí ọwọ́ ayé ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má tíì gbé e fún ayé. Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kéèyàn dúró láìṣubú, ojú, inú etí, àti ẹsẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ màmá yín ò ríròyìn gbé lọ mọ́, ojú ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ máa wò wọ́n tí wọ́n bá ń bọ́jú láàárọ̀ tí ọṣẹ wà lójú, àbí tí wọ́n bá múná lọ lálẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ta gbọ̀ngbọ̀n.

Ìbéèrè: Àmọ́ tí wọ́n bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń ṣe wọ́n jù.

Ìdáhùn: Ìyẹn yàtọ̀ o. Àwọn iṣan kan wà tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ téèyàn bá dìde, kẹ́jẹ̀ má bàa ṣàn lọ sẹ́sẹ̀ tán, àìsàn tó pa iṣan ẹsẹ̀ lè pa àwọn náà, BP á wá já wálẹ̀ lójijì. Ibí yìí ló ń dùn mí jù, torí oṣù mẹ́jọ gbáko la fi ń gbé bàbá mi lọ sí ọsibítù, orí ìjókòó ni wọ́n ń wọn BP, wọ́n á ní ó dáa, a ó padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀, kí màmá yín dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 3. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ ti rí nǹkan kan dì mú nìyẹn. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, oògùn BP àti ti oorun lè wà nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín dá ìkankan dúró. Tó bá jẹ́ pé ilé ń yí tí wọ́n bá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, inú etí nìyẹn, dókítà etí lè fi yíyí orí wò ó sàn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní gààrí ló ń ba iṣan jẹ́?

Ìdáhùn: Àìsàn ṣúgà (àtọ̀gbẹ) ló wọ́pọ̀ jù. Fítámìn B12 tí ò tó náà wà ńbẹ̀, pàápàá fẹ́ni tó ti ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, ọjọ́ pẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ti gààrí kì í ṣàsọdùn lásán: ní 1968 Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ní Ìbàdàn kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí, ẹsẹ̀ á kú, ìrìn á dojú rú, ojú á di bàìbàì, etí á di, agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí, àwọn oníṣègùn kan tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ò gbà.

Ìbéèrè: Kí la lè ṣe nílé?

Ìdáhùn: Kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Iná kékeré lálẹ́, àga oníke nílé ìwẹ̀, bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dípò sílípáàsì. Ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́, èékánná lè gún wọn kí wọ́n má mọ̀. Tí òòyì bá ṣẹlẹ̀ lójijì tẹ́nu wọ́, tàbí tọ́rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.