Òjò Àbújá Kò Mọ August Break

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni àwọn ará wa ti ń pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn òjò, August break kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó?" Ọdún 21 ni mo fi ń wọn òjò nílùú yìí, ìbéèrè kan náà ni lọ́dọọdún.

Pé òjò máa ń sinmi lóṣù kẹjọ, òótọ́ ni, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Àwọn baba wa ò parọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ kọ́ ló wà lórí Gwagwalada.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́: èyí tó kún fún omi láti òkun, àti èyí tó gbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró lójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀lé. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Kánò wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Ẹ̀yìn rẹ̀, lápá gúúsù, ni òjò ńlá máa ń wà, àwa gan-an ló sì bọ́ sí lórí. Etíkun ti jìnnà sí i nígbà náà. Omi òkun ibẹ̀ tutù, ìkùukùu ibẹ̀ kì í lè ga. Ìgbà tí Èkó ń sinmi ni tiwa ń le: oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni òjò Àbújá pọ̀ jù. Òjò 50 mìlímítà péré, lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́wàá lóòró, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lítà omi ni.

Àwọn Haúsá náà ní àmì òjò tiwọn. Tí shamuwa bá dé, àkọ̀ dúdú tí ikùn rẹ̀ funfun, wọ́n á ní òjò ti dé. Mo gbà, torí òjò ni ẹyẹ náà ń bá rìn. Ti òyìnbó, pé sánmọ̀ pupa lálẹ́ ń sọ pé ọ̀la á dára, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn: ìwọ̀ oòrùn ni òjò wọn ti ń wá, ìlà oòrùn ni ìjì tiwa ń gbà wọlé. Ti kìnnìún tó ń bímọ, n ò ní dá sí i.

Lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọmọ ìlú wa kan ní Kúbwà fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Mo ní kó dúró di oṣù kọkànlá. Bíríkìlà rẹ̀ ní, "Alájì, n'Íbàdàn, àsìkò yìí la máa ń gbẹ́ ilẹ̀." Wọ́n tún lọ rí bàbá kan, ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà pé òun á dá òjò dúró. Irú wọn ló ń mú inú bí mi jù! Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó di àárọ̀, oòrùn yọ, bàbá náà ní ṣé wọ́n rí i pé òun ti mú un. Ni lébìrà kan bá bọ́ sínú kòtò pé kóun gbọ́n omi. Ilẹ̀ tó ti mumi yó kì í dúró. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ya lù ú dé ìbàdí. Ọwọ́ la fi hú u jáde. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì ń léfòó lórí omi pupa yẹn nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ọmọ ọdún 19 ni. Títí di oṣù kejìlá, ọ̀pá ló fi ń rìn.