Ìgò kan náà, ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni ọtí ń fi ọkàn wa ṣe?

Ṣé lóòótọ́ ni ọtí ń lé ìrònú lọ?

Fún wákàtí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ GABA, òun ló ń fi ọkàn balẹ̀. Òmíràn, glutamate, ló ń ta ọpọlọ jí. Ọtí á kín ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, á tẹ ìkejì rì, ara á dẹ̀, ẹnu á yá. Ṣùgbọ́n ọpọlọ náà á máa gbìyànjú láti dá nǹkan padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí ọtí bá dá lójú, ìgbìyànjú yẹn ò tíì dáwọ́ dúró: oorun á dá láago mẹ́ta òru, àyà á máa já, gbogbo nǹkan á máa bíni nínú. Ẹni tó mutí sùn nítorí ìrònú á bá a láàárọ̀ pẹ̀lú èlé lórí.

Ọmọ ọdún 19 ni àbúrò mi. Ó lè mu ìgò mẹ́rin kó má ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ṣé ara rẹ̀ ló le ni?

Rárá o. Oorun tó ń kunni àti ẹsẹ̀ tí kò dúró mọ́ ló máa ń jẹ́ kí àgbà sọ pé "ó tó". Ìkìlọ̀ yìí máa ń pẹ́ kó tó dé bá ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ ara yíyá láàárín ẹgbẹ́ á ti tètè dé. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń kó wa ní ìjánu, kì í gbó tán títí èèyàn fi ń sún mọ́ ọdún 25. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: bó bá jẹ́ ọtí ló fi ń gba ìjákulẹ̀ ìfẹ́ àti àìríṣẹ́ mọ́ra, ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ ọ̀nà mìíràn?

Èmi ti lé ní 40. Mi ò mu púpọ̀, ọtí inú ọ̀rá mẹ́ta péré ní páàkì lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀rá mílílítà 30 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 42% kó ojúlówó ọtí tó ju mílílítà 12 lọ. Mẹ́ta rẹ̀ ju ìgò bíà ńlá 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% lọ, síbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà. Ẹ̀dọ̀ sì ń lò tó wákàtí kan lórí ọ̀rá kan ṣoṣo. NAFDAC ò jẹ̀bi nígbà tí wọ́n gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní 2024. Ẹni tó ń mu nítorí àríyá á ṣíwọ́ bí àríyá bá tú; owó ilé ìwé ọmọ àti gbèsè kì í tú bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi lé ní 70. Ife kan tó ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń mú un ṣubú báyìí.

Omi ara máa ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà, torí náà ife kan náà á le nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ wo oògùn wọn pẹ̀lú. Pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì lè kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Pẹ̀lú ti àtọ̀gbẹ, ṣúgà lè já wálẹ̀. Pẹ̀lú oògùn oorun bíi diazepam, èémí lè dá. Ká má sì gbàgbé pé ìyàwó ti lè kú, iṣẹ́ ti tán, àwọn ọmọ ti rìn jìnnà. Àwa ọmọ náà la tún ń ra jíìnì bọ̀ bí a bá ń lọ kí wọn! Ìbànújẹ́ tí a bá rí lójú wọn, a ní ogbó ni. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n.

Ṣé kí wọ́n kàn jáwọ́ lọ́jọ́ kan?

Ẹni tó ń mu níwọ̀nba lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wo bí oorun àti inú rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹni tó bá ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ ò gbọdọ̀ dá a dán wò fúnra rẹ̀: láàárín ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ lè gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Dókítà ni kí ó kọ́kọ́ rí, iye tó ń mu gan-an ni kí ó sì sọ fún un.