Òwú Kan Náà, Àwọ̀ Méjì

Mú òwú aláwọ̀ eérú, hun ún sáàárín òwú dúdú. Fa òmíràn yọ lára ìdì kan náà, hun ún sáàárín funfun. Ẹni tó bá wò wọ́n á ní èyí tó wà láàárín dúdú sún mọ́ funfun ju èkejì lọ. Nídìí òfì ní Ìlọrin, irú èyí lè mú kí oníbàárà rò pé wọ́n pààrọ̀ òwú òun.

Ẹ̀sùn yìí ti pẹ́ láyé. Ní ilé ìhunṣọ ọba tó ń jẹ́ Gobelins ní Párísì, wọ́n ń ráhùn pé òwú dúdú ò dúdú tó. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń darí iṣẹ́ aró níbẹ̀, yẹ òwú náà wò, kò rí àbùkù. Òwú búlúù àti elésè àlùkò tí wọ́n hun tì í ló ń ba dúdú rẹ̀ jẹ́. Ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1839.

Díẹ̀ lára ohun tó ń mú kí àwọ̀ yí padà báyìí, inú ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tí ìmọ́lẹ̀ bá bà máa ń pa ohùn àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Funfun tó yí òwú eérú ká á wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ní 1995, Edward Adelson, onímọ̀ nípa bí ojú ṣe ń ríran, ya pátákó tó kún fún àpótí kéékèèké dúdú àti funfun, ó sì jẹ́ kí òjìji bo apá kan. Àpótí “dúdú” tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ àti àpótí “funfun” tó wà nínú òjìji, eérú kan náà gan-an ni wọ́n. Kódà ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lè rí wọn bí ọ̀kan náà.

Àwọn èèyàn á ní ojú ń tanni jẹ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú, nítorí iṣẹ́ ojú kì í ṣe láti wọn ìmọ́lẹ̀. Aṣọ dúdú tí a sá sóòrùn ọ̀sán lè ta ìmọ́lẹ̀ sójú wa ju aṣọ funfun tó wà nínú yàrá lọ. Bí ojú bá ń ka ìmọ́lẹ̀ lásán, a ó máa pe dúdú ní funfun, sányán á sì máa di aṣọ mìíràn nígbàkígbà tí ìkùukùu bá kọjá. Ọpọlọ máa ń yọ òjìji kúrò nínú ìṣírò kó lè mọ àwọ̀ aṣọ gan-an. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òwú méjì wéra, kó lu ihò méjì sára bébà kan, kó fi bo aṣọ náà, kí òwú méjèèjì nìkan máa yọ.